Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Mi: Kí Iṣẹ́ Ọwọ́ Àwọn Ọmọ Má Baà Sọ Ilé Di Ààtàn

Ẹ kú ìsinmi àwọn ọmọ o, ẹ̀yin òbí. Láti ìgbà tí ilé ìwé ti gba ọlidé, ọ̀rọ̀ ọ̀dà, gọ́ọ̀mù, amọ̀ àti àjákù pépà ló gba iwájú nínú lẹ́tà tí ẹ ń kọ sí ojú ewé yìí. Mo mú mẹ́fà nínú wọn láti dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń kà mí bọ̀ mọ̀ pé kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké ni mo ti ṣe iṣẹ́ tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, àti pé àárín àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ, àwọn tó ń fi ẹ̀kọ láfún ya ọnà sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró, n'Íbàdàn ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ibi méjèèjì ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ: ìdọ̀tí kì í ti ọwọ́ ọmọ wá tó bó ṣe ń ti ọwọ́ ẹni tó tẹ́ ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún un.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ méjì ni mo bí, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 7, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 4. Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé. Àbúrò ọkọ mi ra ọ̀dà olómi fún wọn, ìgò mẹ́fà pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Kí n tó ro ọbẹ̀ tán, ọ̀dà ti dé orí àga, ara ògiri àti ojú tẹlifíṣọ̀n. Onílé wa kì í sì í fẹ́ rí àbàwọ́n lára ògiri. Mo ti kó gbogbo ẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ní n ò fẹ́ rí ọ̀dà mọ́ nínú ilé mi. Ṣùgbọ́n èyí àgbà ò yé sunkún. Ṣé mo ṣẹ̀ ẹ́ ni? — Ìyá ọlọ́mọ méjì, Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn

Ẹ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń ro ti onílé, tó tún wá rí ọ̀dà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbaná jẹ. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀dà náà sọ̀ kalẹ̀. Ìgò mẹ́fà ni wọ́n ṣí síwájú ọmọ méjì, nínú pálọ̀ tí àga wà, tí ẹ̀yin sì wà nídìí ọbẹ̀. Bí àgbàlagbà gan-an ló jókòó síbẹ̀, díẹ̀ á dànù.

Ìwọ̀n lẹ ó kọ́kọ́ mójú tó. Ẹ ṣa ìdérí ìgò omi jọ, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì da ọ̀dà díẹ̀ sínú rẹ̀, kó má kún. Àwọ̀ méjì péré lẹ́ẹ̀kan: òní pupa àti yẹ́lò, ọ̀la yẹ́lò àti búlúù. Wọn á fúnra wọn rí i pé yẹ́lò àti búlúù pàdé, ó di àwọ̀ ewé, ìyẹn á sì gbà wọ́n lọ́kàn ju kí àwọ̀ mẹ́fà tò sílẹ̀ lọ. Bí ìdérí bá dà, ẹ fa àkísà lé e lẹ́ẹ̀kan, ó ti tán. Ìgò fúnra rẹ̀, ọ̀dọ̀ yín ni kó máa gbé, kí ẹ dé e pa. Ẹni tí ọ̀dà rẹ̀ bá tán, kó gbé ìdérí rẹ̀ wá bá yín.

Lẹ́yìn náà, ibi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ kó iṣẹ́ kúrò ní pálọ̀ pátápátá. Bí ẹ bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀yìnkùlé, ibẹ̀ ni. Bí kò bá sí, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ilé ìdáná dára púpọ̀. Ẹ má gbé wọn sídìí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nítorí ohun tó ti wà nílẹ̀ kò níbi tí yóò já bọ́ sí mọ́. Ẹ ya ọ̀rá ńlá kan sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ, kí ẹ wá tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ lé e lórí. Ìwé ìròyìn á fa omi, ọ̀rá ò ní í jẹ́ kó dé ilẹ̀. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì bàbá wọn tó ti gbó fún wọn, kí bọ́tìnnì wà lẹ́yìn, kí ẹ sì ká apá rẹ̀ dé ìgúnpá. Kí ìgò kankan tó ṣí, kí abọ́ omi àti àkísà tútù ti wà nílẹ̀. Ìgbà tí ọ̀dà bá ti dà tán lèèyàn ń sáré wá àkísà káàkiri ilé, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á sì ti tẹ̀ ẹ́ dé ibi gbogbo.

Ẹ kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń di búrọ́ọ̀ṣì mú náà. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Orí àpótí kékeré ló jókòó sí, aṣọ funfun wà níwájú rẹ̀, igbá ẹ̀kọ wà lápá ọ̀tún. Ẹ̀kọ inú igbá yẹn kò pọ̀. Ìkòkò tí ìyókù wà ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ó dé e. Ìyẹ́ adìyẹ ló fi ń ya á. Ó ki ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, ó nu ẹnu rẹ̀ létí igbá, ó tún un nu ní ìhà kejì, kó tó gbé e kọjá lórí aṣọ. Gbogbo ìgbà tó bá ki í bọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọnà àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ló ń yà, tí òpó gbọ̀ngàn Màpó ti gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, tí ẹ̀kọ kan bá kán síbi tí kò yẹ, ibẹ̀ á funfun nígbà tí aṣọ bá ti inú aró jáde, kò sì sí omi tó lè mú un kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń sọ fún ọmọdé tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ìyẹ́ ni, "Nu ẹnu rẹ̀ kó o tó gbé e." Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣe é lójú wọn. Ọmọ ọdún 7 á gbà á lójú ẹsẹ̀, ọmọ ọdún 4 á sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe é. Ọ̀pọ̀ àbàwọ́n tí ẹ rí lára ògiri, búrọ́ọ̀ṣì tó kún fún ọ̀dà tí ọmọ gbé sókè ló fà á.

Ní ọjọ́ tí ara yín kò bá gbé ọ̀dà, ẹ fún àbúrò ní búrọ́ọ̀ṣì ńlá tí wọ́n fi ń kun ilé àti agolo omi, kó máa fi omi ya àwòrán sára ògiri ẹ̀yìnkùlé tàbí sórí kọnkéré. Yóò dúdú lójú rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀dà ni, oòrùn á sì nu ún nù fún yín. Mo ti rí ọmọ tó fi èyí ṣe eré títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú.

Iṣẹ́ tí kò tíì gbẹ tún máa ń ba nǹkan jẹ́. Ẹ so okùn kékeré kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ wá pẹ́ẹ̀gì aṣọ méjì-mẹ́ta, ibẹ̀ ni kí pépà máa kọ́ sí. Kí wọ́n tó lọ fọ ọwọ́, kí ẹnìkọ̀ọ̀kan ká ìwé ìròyìn tirẹ̀, kó sọ ọ́ sínú ọ̀rá, kó sì fi àkísà nu ibi tó jókòó sí. Kò ní í mọ́ dáadáa níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má tún un ṣe lójú wọn.

Ní ti ògiri, bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi àwọn ọmọdé ni, ọṣẹ díẹ̀ àti kànìnkànìn rírọ̀ á mú un kúrò, kẹ́ ẹ má ha á. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, aṣọ rírọ̀ tí ẹ fún dáadáa ni kẹ́ ẹ fi nu ún, ẹ má da omi sí i.

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Lọ́ńdọ̀nù là ń gbé, ní Peckham, nínú fúláàtì òkè tí kápẹ́ẹ̀tì tẹ́ dé gbogbo yàrá. Owó ìdógò wa wà lọ́wọ́ onílé, bí àbàwọ́n bá wà, ó lè má dá a padà. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 8, rí àdìrẹ ìyá mi nínú àpótí, ó sì ní òun fẹ́ ṣe tòun. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ṣé ọ̀nà wà? Àti pé kí ni kí n ṣe sí gílítà? Láti ìgbà ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni mo ti ń rí i nínú bàtà mi. — Bàbá Àbíkẹ́yìn, Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀nà wà, bàbá, inú èmi náà dùn. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé aró wọ fúláàtì yẹn. Aró ìbílẹ̀, ewé ẹ̀lú ni wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú omi eérú, ó sì ń pọ́n nínú ìkòkò fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹni tó bá ti kọjá níwájú ilé aláró mọ òórùn rẹ̀. Aró òde òní tó sì ń yá kánkán, kọ́sítíìkì sódà àti háídírósọ́fáìtì ni wọ́n ń lò sí i. Kọ́sítíìkì sódà ń jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Kò sí ìṣọ́ra tó lè mú mi fi í sí tòsí ọmọ ọdún 8, nílé tàbí níta.

Ẹ̀kọ ni kí ọmọ yín ṣe. Ibẹ̀ gan-an ni ọnà wà, ìdọ̀tí rẹ̀ sì kéré. Ẹ ra láfún ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará ilé, wọ́n wà ní Peckham yẹn. Ẹ po ṣíbí ìjẹun mẹ́ta mọ́ ife omi tútù kan, ẹ sẹ́ ẹ kó má ní kókó, kẹ́ ẹ wá gbé e kaná, kẹ́ ẹ máa rò ó títí á fi ki, tí á sì máa dán. Ẹ jẹ́ kó tutù. Àwọn ìyá wa máa ń fi áálọ́ọ̀mù tàbí òkúta búlúù tí wọ́n ń pè ní kọ́pà sọ́féètì sí i. Májèlé ni òkúta búlúù, ẹ ò sì nílò rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Aṣọ kọ́tìnnì gidi ni kẹ́ ẹ wá, ìròrí àtijọ́ kan tó. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ fi ọ̀rá wé páálí tó le, kẹ́ ẹ wá fi sẹ́lótéèpù mú etí aṣọ náà mọ́ ọn kó nà. Kó fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ya àwòrán rẹ̀, tàbí kó da ẹ̀kọ sílẹ̀ nípọn kó sì fi yàrì àtijọ́ fà á. Ọ̀nà kan tí àwọn aládìrẹ fi ń fa ilà wọn nìyẹn. Kó gbẹ di ọjọ́ kejì, ní títẹ́jú, kẹ́ ẹ má gbé e kọ́.

Inú ilé ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe ìyókù, torí pé kápẹ́ẹ̀tì kò sí níbẹ̀. Ẹ gbé páálí náà sínú báàfù tó gbẹ. Ọ̀dà ákírílíìkì búlúù dúdú tí ẹ fi omi là díẹ̀ ni kó fi kun gbogbo ojú aṣọ náà, lórí ẹ̀kọ àti láàárín rẹ̀. Ẹ nu báàfù lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì fọ búrọ́ọ̀ṣì lójú ẹsẹ̀, nítorí ákírílíìkì tó bá ti gbẹ ti di ike, omi ò ràn án mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí i, ẹ rẹ aṣọ náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kó fi etí ṣíbí ha ẹ̀kọ kúrò. Sínú ìwé ìròyìn ni kó ha á sí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ sí pántí. Bí ẹ bá dà á sínú páìpù, ó lè dí i. Ilà funfun á hàn lójú búlúù, ọmọ yín á sì mọ ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà mọ̀.

Ẹ sọ òótọ́ fún un pé èyí kì í ṣe aró. Bí ẹ bá wálé, ẹ mú un lọ sí ọjà àdìrẹ Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, kó rí i bí wọ́n ṣe ń tò ó jọ, tàbí kẹ́ ẹ mú un lọ sí ilé iṣẹ́ ọnà tí gbajúmọ̀ aládìrẹ, Nike Davies-Okundaye, dá sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983, wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní àdìrẹ níbẹ̀.

Gílítà, èmi ò ní í gbé e wọlé. Ike lásán ni, ó kéré débi pé ìgbálẹ̀ kì í rí i kó, tó bá sì bá omi lọ, inú odò ló ń lọ. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òfin de títa irú gílítà oníke bẹ́ẹ̀ tó wà ní ẹlẹ́búlẹ́bú. Òfin yẹn kò kan Bìrìtìkó tó ti kúrò nínú wọn, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ṣì ń rí i rà. Ẹ fi àjákù ańkárá tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ rọ́pò rẹ̀, tàbí iyọ̀ tí ẹ fi àwọ̀ oúnjẹ pa láró tó sì ti gbẹ. Èyí tó kù nínú kápẹ́ẹ̀tì yín, ẹ wé sẹ́lótéèpù mọ́ ọwọ́, kí ibi tó ń lẹ̀ kọjú síta, kẹ́ ẹ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ máa gbé e.

Mà, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Òṣogbo, kíláàsì kejì, ọmọ 43. Ọjọ́ Ẹtì là ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹ̀rọ omi nítòsí wa, ìdajì wákàtí ni mo fi ń gbá ilẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ tán. Ọ̀gá wa ti ní bí kíláàsì mi bá ṣì máa ń rí báyìí, òun á yọ iṣẹ́ ọwọ́ kúrò nínú táìmù-tébù mi. Ẹ gbà mí. — Tíṣà, Òṣogbo

Ọ̀gá yín ò gbọdọ̀ yọ ọ́, ní ìlú tí Dúró Ládiípọ̀, òṣèré orí ìtàgé, ti dá Mbari Mbayo, ibùdó eré àti iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ lọ́dún 1962, tí àwọn ọ̀dọ́ tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọnà kankan ti di ẹni tí ayé ń ra àwòrán wọn. Ọmọ Òṣogbo tí kò bá fọwọ́ kan ọ̀dà ní kíláàsì kejì, ohun ìní tirẹ̀ la gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Torí náà, ẹ jẹ́ ká tún kíláàsì yẹn tò.

Ọmọ 43 kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohun tútù lẹ́ẹ̀kan náà. Mẹ́jọ ni kó wà nídìí gọ́ọ̀mù tàbí ọ̀dà, ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kí àwọn ìyókù máa ṣe iṣẹ́ gbígbẹ: híhun pépà bí ẹni ń hun ẹní, ìlẹ̀kẹ̀ sísín, ká pépà di ọkọ̀ àti fìlà. Híhun pépà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Pépà àwọ̀ méjì, ẹ gé ọ̀kan láti àárín láìjẹ́ kó dé etí, ẹ gé èkejì sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ á máa kì í bọ òkè, bọ ìsàlẹ̀. Kò gba gọ́ọ̀mù, kò gba omi, ìka wọn á sì gbọ́n fún ìwé kíkọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹlòmíràn á bọ́ sídìí ọ̀dà. Wọ́n á ké níbẹ̀rẹ̀ pé kò tíì kàn wọ́n. Ẹ lẹ orúkọ àwọn tó kàn mọ́ ògiri kí wọ́n rí i, igbe á dínkù.

Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nudu, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa fi páálí rẹ̀ pa mọ́ fún yín. Ẹ gé e kí etí rẹ̀ ga tó ìka méjì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kó sì máa ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ nínú rẹ̀. Àjákù pépà ò ní í jáde, ìlẹ̀kẹ̀ ò ní í yí lọ sábẹ́ bẹ́ǹṣì. Bí iṣẹ́ bá tán, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wá gbọn ti inú rẹ̀ sínú àpò ńlá kan lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá ṣe nǹkan kan ṣoṣo nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí, kó jẹ́ páálí yìí.

Gọ́ọ̀mù, ẹ se é fúnra yín: ṣítáàṣì tí ẹ fi omi gbígbóná rò títí á fi mú. Ó pọ́ọ́kú, ó sì ń bá omi lọ lára aṣọ. Ìdérí ìgò kan fún ọmọ méjì. Ẹ kọ́ wọn pé ìka kan ṣoṣo ni ìka gọ́ọ̀mù, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń mú pépà, kò gbọdọ̀ kan gọ́ọ̀mù rárá. Ní kíláàsì mi, mo máa ń ní kí wọ́n na ìka gọ́ọ̀mù sókè kí n rí i, wọ́n á sì nà án pẹ̀lú ayọ̀. Tí ìka kan bá ti dọ̀tí, ìka kan náà lèèyàn á fọ̀.

Ní ti omi: kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀, kí wọ́n ti fi ìwé ìròyìn gbígbẹ nu ọwọ́ ná. Lẹ́yìn náà, korobá ọlọ́ṣẹ, lẹ́yìn náà, korobá omi lásán, lẹ́yìn náà, àkísà tó kọ́ lára ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá fo ti ìwé ìròyìn, korobá àkọ́kọ́ á ti dúdú kí ọmọ kẹwàá tó dé ibẹ̀. Ọmọ mẹ́jọ tó fọwọ́ kan ohun tútù nìkan ló nílò omi yìí, korobá méjì sì tó wọn. Ẹ da omi náà sí ẹ̀yìn ilé, sórí ilẹ̀, kó má lọ dí gọ́tà.

Ẹ yan ẹni tó ń pín sísọ́ọ̀sì. Kó kà á jáde, kó kà á wọlé, kí ẹnikẹ́ni má sì dìde títí yóò fi pé. Kí aago tó lù ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ìtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá orin sí i lẹ́nu wọn, kí wọ́n máa pàtẹ́wọ́. Bí ọ̀gá yín bá wọlé lásìkò yẹn, ohun tó dára ló máa rí.

Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ o. Àwọn ọmọ ọmọ mi wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi. Amọ̀ ni wọ́n ń mọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ti pupa. Mi ò fẹ́ lé wọn. — Ìyá Àgbà, Ìṣẹ́yìn

Ẹ kú ìtọ́jú o, Màmá mi. Ẹ má lé wọn. Ẹ gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn, kí wọ́n máa mọ amọ̀ lórí rẹ̀; kò ní í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ ó kàn ká ewé náà jù sí ààtàn. Kí wọ́n má máa da omi sórí amọ̀. Abọ́ omi kékeré kan ni, kí wọ́n máa ti ẹnu ìka bọ̀ ọ́. Bí amọ̀ bá kán sílẹ̀, ẹ má nu ún ní tútù, ńṣe ni yóò tàn kálẹ̀. Kó gbẹ, kẹ́ ẹ gbá a. Ẹ sì wo ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ náà, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá tàbí gọ́tà, kẹ́ ẹ sì gé èékánná wọn.

Mà, yúnífọ́ọ̀mù funfun ni ọmọ mi ń wọ̀. Oríṣiríṣi àbàwọ́n ni mo ń bá pàdé: gọ́ọ̀mù, ọ̀dà, kíréyọ́ọ̀nù. Bílíìsì ni mo ń fi sí gbogbo rẹ̀, aṣọ sì ti ń já. — Ìyá oníyúnífọ́ọ̀mù, Ṣágámù

Ẹ fi bílíìsì sílẹ̀ ná. Gọ́ọ̀mù funfun tí wọ́n ń lò nílé ìwé, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, yóò rọ̀, ẹ ó bó o. Gọ́ọ̀mù ṣítáàṣì kò ṣòro jùyẹn lọ. Ọ̀dà olómi, kó má gbẹ; ẹ yí aṣọ náà sódì, kẹ́ ẹ da omi tútù gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí ọ̀dà lè gba ibi tó gbà wọlé jáde, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ sí i. Kíréyọ́ọ̀nù, ìda ló wà nínú rẹ̀: ẹ fi ìwé funfun tí kò ní inkì sí abẹ́ rẹ̀ àti òkè rẹ̀, ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí kò gbóná jù tẹ̀ ẹ́, ìwé á fa ìda náà, lẹ́yìn náà ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àbàwọ́n mìíràn tí kò bá tíì jáde, ẹ má fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ náà, ooru á jẹ́ kó wọ inú òwú lọ. Ẹ sì wá aṣọ iṣẹ́ ọwọ́ kan fún ọmọ náà, kó wà nínú báàgì rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe é.

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọ̀rọ̀ tèmi yàtọ̀. Mo fẹ́ràn ìmọ́tótó púpọ̀, láti kékeré ni mo sì ti fi kọ́ ọmọ mi ọkùnrin. Ó ti pé ọdún 5 báyìí. Tíṣà rẹ̀ ní kì í fọwọ́ kan gọ́ọ̀mù, kì í fọwọ́ kan amọ̀, bí ọ̀dà bá ta sí i lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé kí wọ́n fọ̀ ọ́ fún òun. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. — Ìyá Ọmọ, Adó-Èkìtì

Ọkàn yín ṣe dáadáa tí kò balẹ̀. Mo ti rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ọmọ tó jókòó tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí ojú rẹ̀ sì wà lára àwọn tó ń ṣeré. Ó máa ń dùn mí. Gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, torí kí ọmọ lè ki ọwọ́ bọ iṣẹ́ láìsí ìbẹ̀rù ni mo ṣe kọ ọ́. Bí ìmọ́tótó bá wá jẹ́ kí ọwọ́ ọmọ máa sá fún iṣẹ́, ó ti kọjá ààyè rẹ̀.

Ẹ má fi tipátipá ti ọwọ́ rẹ̀ bọ nǹkan kan. Ohun gbígbẹ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: ìrẹsì nínú abọ́, kó máa fi ife bù ú, kó máa dà á. Tí ìyẹn bá ti mọ́ ọn lára, ẹ po ìyẹ̀fun ife méjì, iyọ̀ ife kan, òróró díẹ̀ àti omi, títí kò fi ní í lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́. Kó kọ́kọ́ fi ṣíbí tàbí igi tẹ̀ ẹ́. Àkísà tútù ni kó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, kì í ṣe lọ́wọ́ yín, kó máa nu ọwọ́ ara rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Bí kò bá nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́, yóò túbọ̀ rọrùn fún un láti jẹ́ kó dọ̀tí.

Ẹ̀yin náà ẹ jókòó. Ẹ po ìyẹ̀fun náà lójú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ yín dé ọrùn ọwọ́, ẹ má sì sáré lọ fọ̀ ọ́. Ẹ má wò ó bóyá ó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló ń sá fún, tó tún ń kọ ọ̀pọ̀ oúnjẹ nítorí bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀, tàbí tí aṣọ kan kì í lè kan ara rẹ̀, ẹ mú un lọ bá dókítà àwọn ọmọdé, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá sí èyí, ẹ bá a lọ ní pẹ̀lẹ́, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi tí wọ́n bá ti wọlé sí táàmù tuntun, mo fẹ́ gbọ́ ohun tí tíṣà rẹ̀ bá sọ.